Itan Ríro Lẹ́yìn Eré Ìdárayá: Èyí Tẹ́ Ẹ Lè Tọ́jú Nílé àti Èyí Tó Ń Fẹ́ Dókítà

Ẹni tí kò ṣe eré ìdárayá láti ọjọ́ pípẹ́, tó wá lóṣòó-dìde nígbà 100 ní ìrọ̀lẹ́ kan, kì í sábà mọ nǹkan kan lára lálẹ́ ọjọ́ náà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ló ń mọ́ bá a: itan á le, àtẹ̀gùn á ṣòro láti sọ̀, àtijókòó gan-an á di iṣẹ́. Irú ìrora yìí máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 12 sí 24, ó máa ń le jù láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkẹta, ó sì máa ń lọ kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Àwọn fọ́nrán tín-ín-rín inú iṣan ló ya, pàápàá nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ ara kalẹ̀, torí ìgbà náà ni iṣan ń nà tó tún ń gbé ẹrù.

Bí itan méjèèjì bá ń dunni bákan náà, tí wíwú rẹ̀ kò pọ̀, tó ń dẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń rìn, tí ìtọ̀ sì mọ́, ilé lẹ ti máa tọ́jú rẹ̀. Ẹ má sùn sílẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹ rọra rìn fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, kẹ́ ẹ sì mu omi dáadáa. Àgbàlagbà lè lo parasitamọ́ọ̀lù 500 mg méjì, kó fi wákàtí 6 sáàárín. Kò gbọ́dọ̀ ju hóró 8 lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ wo ara páálí oògùn òtútù tẹ́ ẹ bá ń lò pẹ̀lú, torí parasitamọ́ọ̀lù wà nínú púpọ̀ nínú wọn. Ibuprofen àti diclofenac tí àwọn èèyàn ń sáré rà ní kẹ́mísì, ẹ fi sílẹ̀ ná. Wọ́n ń dín ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí kíndìnrín kù, ewu nìyẹn sì jẹ́ fẹ́ni tó ti làágùn gan-an tí kò mumi tó.

Tí nǹkan bá já "gbà" lẹ́yìn itan nígbà téèyàn ń sáré lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀: iṣan ti ya gan-an. Ẹ dá eré dúró. Ẹ fi táwẹ̀lì wé yìnyín, kẹ́ ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 15 sí 20, ní wákàtí méjì-mẹ́ta síra, fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́. Ẹ fi báńdéèjì tó ń fà wé e, kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí kó ga ju àyà lọ. Bí ọmọ ìka ẹsẹ̀ bá ń tutù tàbí tó ń kú, báńdéèjì ti fún jù. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ ni omi gbígbóná àti kí ẹnì kan máa fi agbára wọ́ ọ. Ooru ń ṣí ojú òpó ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á túbọ̀ dà síbẹ̀, á sì wú sí i. Ó di ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́ta kẹ́ ẹ tó lo omi gbígbóná tàbí kẹ́ ẹ wọ́ ọ. Bẹ́ ẹ ò bá lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, ẹ lọ rí dókítà.

Ìtọ̀ ló ń bà wá lẹ́rù jù. Fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn eré tó le, ẹ máa tọ̀ sínú ife funfun, kẹ́ ẹ wò ó níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Tó bá pọ́n dúdú bíi tíì tí kò ní mílíìkì, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ òru. Iṣan ti ń wó dà sínú ẹ̀jẹ̀. Èròjà pupa inú rẹ̀ ló ń kun ìtọ̀, òun náà ló ń ba kíndìnrín jẹ́. Pòtásíọ́ọ̀mù tó ń jò jáde pẹ̀lú rẹ̀ lè da lílù ọkàn rú. Àgbo kò lè fọ̀ ọ́ kúrò, omi tẹ́ ẹ̀ ń mu nílé náà kò tó. Omi tí wọ́n ń fà síni lára ló ń ṣe é. Ẹ sọ irú eré tẹ́ ẹ ṣe, ìgbà tẹ́ ẹ ṣe é àti oògùn tẹ́ ẹ ti lò, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n yẹ CK (èròjà tó máa ń pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ bí iṣan bá wó), pòtásíọ́ọ̀mù àti iṣẹ́ kíndìnrín wò nínú ẹ̀jẹ̀. Nígbà míì, pépà tí wọ́n ń rì bọ ìtọ̀ á fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, síbẹ̀ wọn ò ní rí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa lábẹ́ awò. Èyí jẹ́ àmì pé iṣan ló ń wó. Ìtọ̀ sì lè tún mọ́ kí ọjọ́ kan tó pé, nítorí náà bí itan bá wú gan-an tẹ́ ò lágbára láti dìde lórí àga, ẹ má tìtorí pé ìtọ̀ mọ́ jókòó sílé.

Ẹni tí jẹ́nótáìpù rẹ̀ jẹ́ AS lè bọ́ sínú ewu yìí bó bá sáré àsápajúdé nínú oòrùn. Ẹ̀yin olùkọ́ tẹ́ ẹ̀ ń fi fífò bí ọ̀pọ̀lọ́ jẹ ọmọ níyà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró. Ó lè wó iṣan ọmọ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ẹni SS tí egungun tàbí àyà bá ń dùn lẹ́yìn eré, kó má dúró dọjọ́ kejì.

Bí ojúgun bá wú, tó le bíi pákó, tí ìrora kọjá sísọ, tó ń pọ̀ sí i bẹ́ ẹ bá ká ọmọ ìka ẹsẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ kò mọ nǹkan kan lára mọ́, wákàtí díẹ̀ ló kù kí iṣan ibẹ̀ tó kú. Ẹ tú báńdéèjì, ẹ má gbé ẹsẹ̀ ga, ẹ sáré lọ sí ilé ìwòsàn tó ní oníṣẹ́ abẹ. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yìn ojúgun ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú tó ń gbóná, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló dì síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ́ ọ. Ìdì ẹ̀jẹ̀ lè já lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí èémí bá ti ń há tàbí àyà ń dùn, ẹ má dúró rárá.

Ẹni tí iṣan rẹ̀ wó rí kò gbọ́dọ̀ padà sídìí eré títí dókítà á fi yẹ CK rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i.