Ojú lọ̀rọ̀ wà: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí sẹ́ńsọ̀ ẹ̀rọ píọ̀ wọ́tà

Ẹ̀rọ tó ń di píọ̀ wọ́tà ní ojú kan tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀. Ojú yìí kéré, ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọ̀rá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n dè é mọ́, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju kó máa ṣọ́ àmì kékeré tí wọ́n tẹ̀ sétí ọ̀rá lọ. Tó bá ti rí àmì náà, ẹ̀rọ á mọ ibi tó yẹ kó gé. Tí kò bá rí i, orúkọ ilé iṣẹ́ á já sí méjì. Láti Ọ̀jọ́ọ̀ dé Pódò níbí nílùú Ìbàdàn, ìpè tí mo ń gbà jù nìyẹn, àwọn míì á sì ti ra sẹ́ńsọ̀ tuntun kí wọ́n tó pè mí. Ó máa ń dùn mí, torí owó ńlá ni, bẹ́ẹ̀ ojú ọ̀hún kì í sábà bàjẹ́. Ohun tó ń wò ló máa ń yí padà. Mo kó díẹ̀ nínú ìbéèrè wọn jọ síbí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjiníà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀rá tuntun lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́. Láti ìgbà tá a ti gbé e sórí ẹ̀rọ, àárín orúkọ wa ló ń gé. Ọmọ iṣẹ́ mi ní sẹ́ńsọ̀ ti kú. Ṣé ká ra òmíràn? (Ìyá kan ní Ọ̀jọ́ọ̀)

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ má tíì náwó rárá. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ yín, mo wo ọ̀rá àtijọ́, búlúù ni àmì rẹ̀. Mo wo tuntun, pupa ni. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Iná pupa ni sẹ́ńsọ̀ yín ń tàn. Ọ̀rá funfun ń dá iná pupa padà, àmì pupa náà ń dá a padà, kò wá sí ìyàtọ̀ kankan lójú sẹ́ńsọ̀. Àmì búlúù ní tirẹ̀ máa ń gbé iná pupa mì, ìdí nìyẹn tó fi ń rí i kedere.

Ẹ lè fojú ara yín rí i. Ẹ fi báírò pupa kọ nǹkan sórí pépà funfun, ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn, kẹ́ ẹ tan iná pupa sí i. Ohun tẹ́ ẹ kọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá.

Àwọn sẹ́ńsọ̀ kan wà tí wọ́n lè tan iná pupa tàbí iná aláwọ̀ ewé. Tí tiyín bá jẹ́ irú rẹ̀, ẹ yí i sí aláwọ̀ ewé; àmì pupa á dúdú lójú rẹ̀. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ sọ fún àwọn tó ń tẹ ọ̀rá pé dúdú tàbí búlúù lẹ fẹ́. Dúdú ni mo fara mọ́ jù, torí kò sí iná tí kì í gbé mì. Ẹ sì rí i pé wọn ò tẹ ọ̀rọ̀ míì sí ojú ọ̀nà tí àmì ń gbà kọjá, kí sẹ́ńsọ̀ má baà fi lẹ́tà pe àmì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún un ṣètò. Ẹ gbé ibi funfun ọ̀rá sábẹ́ ojú, kẹ́ ẹ yí súkúrù kékeré ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí iná kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á fi tàn tàbí kú. Ẹ ṣàmì síbẹ̀. Ẹ gbé àmì sábẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ ṣe bákan náà. Àárín ibi méjèèjì ni kẹ́ ẹ fi súkúrù sí. Tí ọ̀rá bá ń dán, ẹ dẹ ojú náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, bíi 10° sí 15°, kí ìdán má baà máa ta padà sí i.

Ìbéèrè: Tiwa ń ṣiṣẹ́ dáadáa láàárọ̀ àti lálẹ́. Tó bá ti di ọ̀sán, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣì gé. Kí ló fà á? (Akọ́bọ̀)

Ẹ wòkè. Ṣé páànù yín ò lu? Sẹ́ńsọ̀ tó dáa máa ń ṣẹ́jú iná tirẹ̀ kíákíá, iná tó ń ṣẹ́jú yẹn nìkan ló sì ń wò, kí ìmọ́lẹ̀ míì má baà dà á láàmú. Àmọ́ tí oòrùn bá bọ́ sí i lójú tààrà, á bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ fi nǹkan ṣíji bò ó, tàbí kẹ́ ẹ kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí fèrèsé. Nígbà ọyẹ́, ẹ máa fi aṣọ rírọ̀ tí omi díẹ̀ wà lára rẹ̀ nù ún láràárọ̀. Ẹ má fi tínà nù ún o! Mo ti rí èyí tí ojú rẹ̀ funfun bí ojú tí àìsàn bò.

Ìbéèrè: A ń fi sẹ́ńsọ̀ ka ike omi lórí bẹ́líìtì. Ó ń fo àwọn kan, ó sì ń ka méjì bí ọ̀kan. (Olúyọ̀lé)

Ike tó mọ́ gaara ń jẹ́ kí iná gba inú rẹ̀ kọjá, ni sẹ́ńsọ̀ fi ń rò pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ṣe fún ohun tó mọ́ gaara wà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbé èyí tẹ́ ẹ ní sókè, kó dọ́gba pẹ̀lú ìdérí. Ìdérí kì í jẹ́ kí iná kọjá. Ara ike lè fara kan ara wọn, ìdérí wọn kì í kanra, nítorí náà kò ní ka méjì bí ọ̀kan mọ́.

Ìbéèrè: N kò rí iná kankan lójú sẹ́ńsọ̀ mi. Ṣé ó ti kú ni?

Ó lè jẹ́ irú iná tí ojú èèyàn kì í rí ló ń tàn, bíi ti rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n. Ẹ ṣí kámẹ́rà iwájú fóònù yín, kẹ́ ẹ kọjú rẹ̀ sí i. Tẹ́ ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ tó jọ elésè àlùkò, ó ń tàn.

Ìbéèrè: Mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Iná ẹ̀yìn tuntun ń tàn tí àmì bá kọjá, ẹ̀rọ ò dáhùn.

Irú sẹ́ńsọ̀ méjì ló wà, NPN àti PNP; ẹ wo ara àtijọ́ àti tuntun bóyá NPN tàbí PNP ni wọ́n kọ sí i. Nínú oníwáyà mẹ́ta, wáyà aláwọ̀ ilẹ̀ ni pọ́sítíìfù, búlúù ni nẹ́gátíìfù, dúdú ló ń gbé iṣẹ́ lọ fún ẹ̀rọ. Ti PNP, pọ́sítíìfù ni dúdú ń gbé jáde; ti NPN, nẹ́gátíìfù ló ń fà á sí. Ẹ̀rọ tó ń retí ọ̀kan kò ní dá èkejì lóhùn. Ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á, kẹ́ ẹ gba irú ti àtijọ́, kó tó di pé ẹ tú pátákó inú ẹ̀rọ.