Bí a ṣe ń fi káàdì méjì tó jọra ta pókà limit hold'em

Nínú limit hold'em, irú pókà tí a ti fi òdiwọ̀n sí iye tí a lè ta, tí kálukú sì ń gba káàdì méjì sọ́wọ́, kò sẹ́ni tó lè da gbogbo owó rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí tábìlì bá jẹ́ ti ẹyọ 2 àti ẹyọ 4, ẹyọ 2 là ń ta kí flop (káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí sáàárín tábìlì fún gbogbo èèyàn) tó jáde àti lórí flop fúnra rẹ̀. Lórí turn (káàdì kẹrin) àti river (káàdì karùn-ún, èyí tó kẹ́yìn), ó di ẹyọ 4. Ẹni tó bá gba éèsì (káàdì tó ga jù lọ) méjì kò lè fi owó gọbọi lé àwọn yòókù kúrò. Díẹ̀díẹ̀ ló máa gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ẹ kọ́kọ́ fi kún iye tí wọ́n ń ta kí flop tó jáde. Bí ẹlòmíì bá ti fi kún un ṣáájú, ẹ tún fi kún tiẹ̀: 2 á di 4, á di 6, á di 8, níbi tí ọ̀pọ̀ tábìlì ti ń dá a dúró. Ẹ má fi éèsì tàbí kíńgì méjì pamọ́ láti dẹkùn fún ẹnikẹ́ni. Éèsì méjì ń borí alátakò kan ní nǹkan bí ìgbà 85 nínú 100. Bí àwọn mẹ́sàn-án bá dúró, ó já sí bíi 31, ṣùgbọ́n owó èèyàn mẹ́sàn-án lẹ ń jẹ nígbà náà, èrè ṣì wà níbẹ̀.

Flop ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá di kíńgì méjì mú, éèsì á jáde níbẹ̀ ní bíi ìgbà 23 nínú 100. Fún kuíìnì méjì, káàdì tó ju tiyín lọ ń jáde ní bíi 41. Fún jáàkì méjì, 57. Ìdí nìyí tí jáàkì fi ń tan èèyàn jẹ.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé kuíìnì méjì wà lọ́wọ́ yín, flop sì jẹ́ kíńgì, 9 àti 4. Bó bá jẹ́ alátakò kan péré, ẹ ta síbẹ̀, torí ó ṣeé ṣe kó má ní kíńgì. Bí ẹnì kan bá ta, tí ẹlòmíì fi kún un kó tó kàn yín, ẹ ju káàdì sílẹ̀. Bí kò bá sí káàdì tó ju tiyín lọ, tí ẹni tó jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún yín bá ta, ẹ fi kún un lójú ẹsẹ̀, kí àwọn tó kù lẹ́yìn yín lè san ẹyọ 4 dípò 2 bí wọ́n bá fẹ́ wo káàdì tó kàn.

Lórí turn, bí ẹni tí kì í sábà fi kún owó bá ṣàdédé fi kún tiyín, ó ṣeé ṣe kó ti ní méjì-méjì (oríṣi káàdì méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ méjì tó jọra) tàbí mẹ́ta tó jọra. Ẹ san án, ẹ má fi kún un mọ́.

Lórí river, iye tó wà láàárín tábìlì ni kẹ́ ẹ wò. Bó bá jẹ́ 36 pẹ̀lú èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ta, ẹyọ 4 lẹ máa san: bẹ́ ẹ bá borí lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́wàá, ẹ ò pàdánù. Jíju káàdì tó ń borí sílẹ̀ níbí gbówó lórí ju sísan ẹyọ 4 lásán lọ. Àfi bí káàdì mẹ́rin tó ní àmì kan náà bá wà nílẹ̀, tí ẹ ò ní àmì náà lọ́wọ́, tí àwọn méjì sì ń fi kún owó ara wọn.