Bí A Ṣe Ń Wá Ìdí Tí Iná Traction Control Fi Tàn Tí Kò Sì Kú Mọ́

Bí iná traction control, ìyẹn ètò tí kì í jẹ́ kí táyà máa yí lásán lórí ilẹ̀ tó ń yọ̀, bá tàn sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á ka kóòdù àṣìṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kọ sílẹ̀, wọ́n á ra sẹ́ńsọ̀ tí kóòdù náà dárúkọ, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀, iná náà á sì tún tàn pa dà kò pẹ́ kò jìnnà. Ojú ọ̀nà tí iná mànàmáná ń gbà ni kóòdù ń tọ́ka sí, kì í ṣe sẹ́ńsọ̀ nìkan. Sẹ́ńsọ̀, wáyà rẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó so wọ́n pọ̀ àti kọ̀ǹpútà tó ń gba ìròyìn wọn ló jọ wà lójú ọ̀nà yẹn, èyíkéyìí nínú wọn ló sì lè bàjẹ́. Wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, torí pé àwọn ni omi àti ẹrẹ̀ ń bá jà lójoojúmọ́.

Àwọn sẹ́ńsọ̀ ABS, ìyẹn bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà dì pa, ni traction control ń lò; àwọn ló ń ka ìyára ẹsẹ̀ ọkọ̀. Kọ̀ǹpútà ABS máa ń fi ìyára ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wéra, bí táyà tí ẹ́ńjìnì ń yí bá sì ń sáré ju àwọn yòókù lọ, á fi bíréèkì dì í mú díẹ̀ tàbí kí ó ní kí ẹ́ńjìnì dín agbára kù. Ìdí nìyí tí iná ABS àti ti traction control fi sábà máa ń tàn pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé iná ẹ́ńjìnì ló tàn pẹ̀lú ti traction control, tí ti ABS kò sì tàn, ẹ́ńjìnì ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń pa traction control fúnra wọn bí ẹ́ńjìnì kò bá ṣiṣẹ́ geere. Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ló ti fọwọ́ kan bọ́tìnnì tó ń pa á.

Bátìrì ló kàn. Nígbà tí ọkọ̀ bá ti sinmi, ó yẹ kí ó tó fóólìtì 12.6, bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, ó sábà máa ń wà láàárín 13.5 sí 14.7. Bátìrì tó rẹ̀ lè mú kí kọ̀ǹpútà púpọ̀ nínú ọkọ̀ kọ kóòdù tí kò nídìí. Ẹ wo gbogbo fíùsì ABS pẹ̀lú, torí pé wọ́n sábà máa ń ju ẹyọ kan lọ.

Ẹ̀rọ tí ẹ ó fi ka kóòdù gbọ́dọ̀ lè ka èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C àti U, nítorí pé kóòdù ẹ́ńjìnì, ìyẹn P, nìkan ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí owó wọn kò pọ̀ ń kà. C0035, fún àpẹẹrẹ, sábà máa ń tọ́ka sí sẹ́ńsọ̀ ẹsẹ̀ iwájú lápá òsì, U0121 sì túmọ̀ sí pé àwọn kọ̀ǹpútà yòókù kò gbúròó ti ABS mọ́. Lẹ́yìn èyí, kí ẹnì kan rọra wa ọkọ̀ náà lọ tààrà níbi tí kò sí èrò, kí ẹlòmíràn máa wo ìyára ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí ẹ̀rọ náà. Èyí tó bá ṣàdédé já sí òdo nígbà tí àwọn yòókù ń ka nǹkan kan náà ni kí ẹ tọ̀ lọ.

Ẹ pa ọkọ̀, ẹ fi jáàkì gbé e, kí ẹ sì fi irin ìgbọ́kọ̀ró tì í lábẹ́ kí ẹ tó sún mọ́ ọn. Ẹ fi ìka tọ wáyà sẹ́ńsọ̀ náà láti ìdí táyà títí dé ibi tó ti wọ inú bọ́dì. Ibi tó ń ká nígbàkígbà tí a bá yí sitiárìn ló sábà máa ń já: rọ́bà òde á dá ṣáká, ṣùgbọ́n kọ́pà inú rẹ̀ ti gé, ibẹ̀ á sì rọ̀ lọ́wọ́ ju ibòmíràn lọ. Ẹ tú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wo inú rẹ̀ bóyá omi wà níbẹ̀, tàbí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé, tàbí pínnì tó ti sún sẹ́yìn. Bí ẹ bá yọ sẹ́ńsọ̀, ẹ nu ẹ̀rúnrún irin tí òòfà ti fà mọ́ ẹnu rẹ̀ kúrò.

Sẹ́ńsọ̀ àtijọ́ tó ń fúnra rẹ̀ mú iná jáde ṣeé fi òòmù wọ̀n, ìyẹn kí mítà ka bí ó ṣe ń dènà iná tó. Ọ̀pọ̀ wọn máa ń ka nǹkan bí 800 sí 2,500, ìwé ọkọ̀ ló sì máa sọ iye tó péye. Bí ẹ bá yí mítà sí fóólìtì AC, tí ẹ sì fi ọwọ́ yí táyà, ó yẹ kí iná díẹ̀ hàn. Ẹ má ṣe fi òòmù wọn sẹ́ńsọ̀ ìgbàlódé tó ń gba iná láti ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà, torí ó lè bà á jẹ́. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, kí ẹ sì wò ó bóyá iná ń dé sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí iná kò bá dé ibẹ̀, sẹ́ńsọ̀ kò jẹ̀bi. Ẹ pa kọ́kọ́rọ́, ẹ yọ wáyà ní ìpẹ̀kun méjèèjì, kí ẹ sì máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn bí mítà ti ń wò ó. Kò gbọ́dọ̀ já, kò sì gbọ́dọ̀ kan bọ́dì ọkọ̀.

Bí kóòdù bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ yẹ wáyà ẹ́ẹ̀tì kọ̀ǹpútà ABS wò, ìyẹn èyí tó so ó mọ́ bọ́dì ọkọ̀. Nígbà tí kọ́kọ́rọ́ wà ní ṣíṣí, fóólìtì tó wà láàárín rẹ̀ àti orí òdì bátìrì kò yẹ kó ju nǹkan bí 0.1 lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀, ẹ ha ibi tó ti dípẹtà, kí ẹ sì dè é le.

Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ pa kóòdù rẹ́, kí ẹ sì wa ọkọ̀ náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í pa iná náà àfi tí ẹsẹ̀ bá ti yí tí kọ̀ǹpútà sì ti rí i. Bí kóòdù kan náà bá pa dà, tí wáyà sì dá ṣáká, ìgbà yẹn ni kí ẹ tó ra sẹ́ńsọ̀. Kọ̀ǹpútà ABS ni kí ẹ fi ṣe ìkẹyìn.