Bí A Ṣe Lè Tú Orúkọ Paracetamol Dé Gbòǹgbò

Ẹ kọ́kọ́ ya orúkọ ọjà sọ́tọ̀. Panadol jẹ́ orúkọ tí ilé-iṣẹ́ fi ń ta oògùn. Paracetamol ni ó wúlò fún wa, nítorí pé inú orúkọ gígùn tí àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń lò, èyíinì ni para-acetylaminophenol, ni wọ́n ti gé e yọ. Ẹ kọ orúkọ gígùn yìí sórí ìwé, kí ẹ sì fa ìlà sábẹ́ par, acet, am àti ol. Ẹ óò rí i pé «a» kan ṣoṣo ni ó kù níbi tí para ti pàdé acet: ìpajẹ ni, gẹ́gẹ́ bí «ra aṣọ» ṣe ń di «raṣọ».

Lẹ́yìn náà, ẹ wá èdè tí ègé kọ̀ọ̀kan ti wá àti ohun tí ó dúró fún nínú mólékù náà. Para jẹ́ ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún «lẹ́gbẹ̀ẹ́», ṣùgbọ́n nínú kẹ́míkà, ó ń sọ pé ohun méjì kọjú síra lára òrùka kábọ́ọ̀nù mẹ́fà. Acet wá láti inú acetum, ọtí kíkan ní èdè Látìn. Am ń tọ́ka sí náítírójìn. Ara ammonia ni wọ́n ti mú un, orúkọ tí Torbern Bergman, onímọ̀ kẹ́míkà ará Sweden, lò ní ọdún 1782, tí ó sì tan mọ́ iyọ̀ kan tí àwọn ará Róòmù fi orúkọ Ammon, òrìṣà ilẹ̀ Íjíbítì, pè.

Ol ni ó kéré jù, òun náà ni ó sì dùn mọ́ mi jù. Wọ́n gé e lára alcohol láti fi hàn pé ọ́síjìn àti háídírójìn jọ so mọ́ òrùka náà. Al-kuḥl ti èdè Lárúbáwá ni alcohol ti wá, tìróò tí a ń lé sójú gan-an. Ní Yúróòpù, ìyẹ̀fun kíkúnná ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi ọ̀rọ̀ náà pè, ó di orúkọ ohun tí a bá fi ooru sè yọ, kí ó tó wá dúró sórí ọtí.

Ní ìparí, ẹ fi orúkọ tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà yẹ iṣẹ́ yín wò. Acetaminophen ni wọ́n ń pè é níbẹ̀: orúkọ gígùn kan náà ni wọ́n gé, wọ́n kàn mú phen, wọ́n sì fi ol sílẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ fi acetaminophen ránṣẹ́ sí láti Amẹ́ríkà kò gbọdọ̀ lo paracetamol lé e lórí, torí oògùn kan náà ni wọ́n, àpọ̀jù rẹ̀ sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.