Bí a ṣe ń pààrọ̀ èèkù abẹ àtijọ́ tó ti fọ́

Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kì í gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Abẹ ìfárùngbọ̀n àtijọ́ tó ń ká wọ inú èèkù, irú èyí tí wọ́n rọ ní Solingen ní Jámánì tàbí ní Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, irin rẹ̀ kì í tètè bàjẹ́. Èèkù ló ń fọ́, ojú ihò ló sì ti ń là. Ẹ má fi gúlù lẹ̀ ẹ́, kò ní pẹ́ tí yóò fi tún là. Awẹ́ méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀.

Ẹ fi téèpù wé ẹnu abẹ ní ìlọ́po méjì. Ẹ wá fi àtàǹpàkò ra èèkù náà títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bó bá ń rùn bíi káńfọ̀, sẹ́lúlọ́ìdì ni. Ẹ má ṣe gbé ìṣó gbígbóná sún mọ́ ọn bí a ti máa ń fi lu ike, torí wàràwàrà ló ń gbiná. Ègé kékeré tó wà láàárín awẹ́ méjèèjì nísàlẹ̀ sì lè jẹ́ òjé, pàápàá nínú abẹ Sheffield. Ẹ má fi fáìlì rẹ́ òjé. A ò tíì gbàgbé ohun tí eruku rẹ̀ fojú àwọn ọmọdé rí ní Zamfara ní 2010.

Ẹ rẹ́ orí píìnì àtijọ́ tó so awẹ́ èèkù méjèèjì pọ̀ dànù, kí ẹ fi ìṣó tí ẹ ti gé ẹnu rẹ̀ tì í jáde. Ẹ tọ́jú èèkù àtijọ́ náà, òun lẹ ó fi ṣe àwòṣe.

Ìwo màlúù ni mo fọwọ́ sí. Ẹ wá a lọ síbi tí wọ́n ti ń pa ẹran ní Deidei tàbí Karu ní Àbújá. Ẹ là á, ẹ sè é kó rọ̀, ẹ fi pákó méjì tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi tutù. Kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó gé e, torí ìwo tó ṣì ní omi lára, ọyẹ́ Àbújá yóò lọ́ ọ. Ẹ so awẹ́ méjèèjì pọ̀, kí ẹ lu ihò wọn lẹ́ẹ̀kan náà.

Fún píìnì, ọ̀pá idẹ tín-ín-rín 1.6 mm ni. Ẹni tó bá ń lọ sí Kàdúná lè bá yín wá a ní ọjà Panteka. Wáyà iná tí wọ́n ń pè ní 2.5 mm tí ẹ bó lè ṣe é nísàlẹ̀ èèkù, bí ẹ bá fẹ ihò díẹ̀. Níbi tí abẹ ti ń yí, ẹ má dán an wò, bàbà ti rọ̀ jù fún ibẹ̀.

Kíkan píìnì yìí ló ń ba gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n á gbá a bí ẹni ń kan páànù sórí òrùlé. Bí ìlù bá ti le, orí píìnì kọ́ ló ń fẹ̀, ikùn rẹ̀ ló ń wú nínú ihò, ìwo tuntun á sì là pẹ́ẹ́. Òmíràn á wọ́, ẹ ò ní rí i títí abẹ yóò fi máa ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí píìnì yọ lórí wọ́ṣà, irin roboto pẹlẹbẹ tó níhò láàárín tí ẹ fi sábẹ́ orí rẹ̀, ní nǹkan bíi 1 mm, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá gùn, yóò tẹ̀. Bó bá kúrú, kò ní lórí. Òòlù kékeré olórí roboto ni kí ẹ lò, lórí irin tó tẹ́jú. Ẹ jẹ́ kí òòlù fúnra rẹ̀ já bọ́, ẹ má fi apá tì í. Ẹ máa tọ etí píìnì yípo, ẹ má lu àárín. Bí ẹ bá ti tọ ọ́ díẹ̀, ẹ yí i padà sí ojú kejì. Ó ń gba sùúrù gan-an, ẹni tí inú ń bí kó gbé òòlù sílẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ kàn. Kí ẹ tó kan ti òkè, níbi tí abẹ ti ń yí, ẹ ti píìnì bọ̀ ọ́ lásán, kí ẹ ká abẹ wò. Bí ẹnu rẹ̀ bá ń fara kan awẹ́ kan, ègé ìsàlẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe, ẹ má retí pé òòlù á tọ́ ọ.

Bí ẹ bá kàn án tán, ẹ gbọn abẹ náà ní pípadé. Bó bá ṣí fúnra rẹ̀, ẹ fi òòlù tọ ọ́ sí i díẹ̀. Bó bá le jù, ẹ rẹ́ orí píìnì náà, kí ẹ gé òmíràn. Ẹ kán òróró díẹ̀ sí ojú píìnì, kí ẹ wá tú téèpù.