Bẹ́ ẹ ṣe lè kọ "Lílé" àti "Ègbè" sórí orin nínú MuseScore, kó má sì sá kúrò láyè ẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi MuseScore, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń kọ nóòtì orin, kọ orin sílẹ̀ fún kúáyà ní Àkúrẹ́ níbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bí mo ṣe ṣe. Nóòtì àkọ́kọ́ pátápátá ni mo so gbogbo "Lílé" àti "Ègbè" mọ́, mo wá ń fi mouse wọ́ wọn lọ síbi tó wù mí. Ó dáa lójú mi. Àfìgbà tí mo fi bar méjì (ìyẹn àwọn àyè tí wọ́n fi ìlà òòró pín orin sí) kún un níbẹ̀rẹ̀ káwọn onílù lè kọ́kọ́ wọlé, ni gbogbo ẹ̀ bá dàrú, "Ègbè" lọ gun "Lílé" lórí, làwọn alto bá ń pariwo mọ́ mi ní rìhásà.

Nínú MuseScore, ọ̀rọ̀ kì í dá dúró, ó máa ń so mọ́ nóòtì kan ni, ibi tíyẹn bá lọ lòun náà ń lọ. Torí náà, nóòtì tó ni ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ mú, kẹ́ ẹ tẹ Ctrl+T, ẹ kọ ọ́, ẹ tẹ Esc, ó parí. Staff (ìlà márùn-ún tí nóòtì ń jókòó lé) tẹ́ ẹ kọ ọ́ sí nìkan ló máa wà. Tó bá jẹ́ ohun tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ rí, bíi "Ẹ dúró de onígángan", Ctrl+Shift+T ni, òkè pátápátá nìyẹn máa ń wà, tẹ́ ẹ bá sì yọ part, ìyẹn ìwé orin ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, á wà nínú gbogbo ẹ̀. Ẹ má lo Ctrl+L o, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fẹnu kọ nìyẹn wà fún.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó bọ́ sísàlẹ̀ staff, ẹ tẹ X. Tẹ́ ẹ bá sì ti wọ́ ọ káàkiri títí tó fi sú yín, Ctrl+R á dá a padà sílé.

Ó ku ìlà tí wọ́n ń fà látorí nóòtì kan dé òmíràn, òun lèmi fẹ́ràn jù, torí ẹni tó pẹ́ dé rìhásà náà á rí ibi tí ègbè ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, kò ní máa bi mí. Ẹ tẹ nóòtì àkọ́kọ́, ẹ di Shift mú, ẹ tẹ èyí tó gbẹ̀yìn, ẹ wá lọ sí palette, ìyẹn àpótí tí wọ́n kó àwọn àmì orin sí, F9 ló ń ṣí i, abẹ́ Lines lẹ ti máa rí staff text line, ẹ tẹ̀ ẹ́. Á gbé ọ̀rọ̀ tẹ́ ò bẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ má bínú sí i, ẹ mú ìlà yẹn kẹ́ ẹ lọ sí Properties, ibi tí wọ́n ti ń tún ohun tẹ́ ẹ mú ṣe, F8 nìyẹn, kẹ́ ẹ yí ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ sí "Ègbè". Àyè wà níbẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tó máa jáde tí ìlà bá já bọ́ sórí ìlà orin tó tẹ̀ lé e nísàlẹ̀, ẹ má fò ó. Ẹ lè jẹ́ kí ìlà náà gé wẹ́wẹ́, ẹ sì lè fi ìkọ́ sí ìparí ẹ̀. Tó bá kúrú, ẹ mú orí ẹ̀ lápá ọ̀tún, Shift pẹ̀lú ọfà ọ̀tún á nà án dé nóòtì tó kàn.

Tó bá ti wù yín báyẹn, ẹ di Ctrl àti Shift mú pa pọ̀, kẹ́ ẹ wọ́ ìlà náà sínú palette, tí orin mìíràn bá dé ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ ni.

Àmì ohùn wa ńkọ́? Àwọn fọ́ǹtì kan máa ń gbé àmì orí ẹ̀ tàbí ọ̀ síbi tí ò yẹ. Ẹ yí fọ́ǹtì padà nínú Text Styles, kẹ́ ẹ sì wo PDF ẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣe fotokọ́pì ní Ọjà Ọba, ogójì ẹ̀dà ni mo fi bíírò tún àmì ẹ̀ fà lọ́jọ́ yẹn.