Bí ẹ ó ṣe sọ pé ọmọ Nàìjíríà ni yín lédè Sípéènì

Bí ọdún Ọ̀ṣun bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ní oṣù kẹjọ, àlejò tó ń sọ èdè Sípéènì kì í wọ́n l'Óṣogbo. Ìbéèrè wọn kì í jìnnà: "¿De dónde es usted?", ìyẹn ni "Níbo lẹ ti wá?"

Ọkùnrin á dáhùn pé "soy nigeriano", obìnrin á ní "soy nigeriana". Bí ẹ bá pọ̀, ẹ fi s kún un. Obìnrin mẹ́wàá jẹ́ nigerianas, ṣùgbọ́n bí ọkùnrin kan ṣoṣo bá dara pọ̀ mọ́ wọn, gbogbo wọn ti di nigerianos nìyẹn. Ẹ má lo "estoy", tí wọ́n fi ń sọ ibi tàbí ipò tí èèyàn wà, dípò "soy" níbí o. Ẹ má sì fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ nigeriano. Nigeria nìkan ló ń gba ìyẹn.

Ibi tó ti ń dojú rú ni fọ́ọ̀mù. Níwájú "Nacionalidad" (ọmọ orílẹ̀-èdè wo lẹ jẹ́), ọkùnrin á kọ "nigeriano" torí pé akọ ni òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ló yẹ kó wò: abo ni nacionalidad, nítorí náà "nigeriana" ni tọkùnrin tobìnrin ń kọ síbẹ̀. Bákan náà, Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà wa, jẹ́ "una artista austriaca", oníṣẹ́ ọnà ọmọ Austria. Artista ò yí padà fún akọ tàbí abo. "Una" àti "austriaca" ló fi hàn pé obìnrin ni.

Orúkọ ọmọ orílẹ̀-èdè tó bá fi kọ́ńsónáǹtì parí, ẹ fi a kún un fún abo, es fún akọ tó pọ̀: español, española, españoles. Inglés (ará England) ní àmì lórí, àmì yẹn á bọ́ nínú inglesa àti ingleses. Ghanés, beninés àti togolés ń tọ ọ̀nà kan náà. Estadounidense (ará Amẹ́ríkà), belga (ará Belgium) àti marroquí (ará Morocco) ní tiwọn ò mọ akọ yàtọ̀ sí abo.

Ẹ ṣọ́ra fún nigerino: ọmọ orílẹ̀-èdè Niger nìyẹn, kì í ṣe àwa. Ẹ má sì máa pe ará Amẹ́ríkà nìkan ní americano lójú ará Kúbà, torí òun náà ka ara rẹ̀ sí americano. Estadounidense ló dáa jù.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dà rú mọ́ yín lójú, "soy de Nigeria, de Osogbo" ò ní akọ, kò ní abo.